Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣa Ohun Ìṣeré Ọmọdé Tí Wọ́n Jù Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Títì, Kí Ẹ Tún Un Ṣe, Kí Ẹ sì Tà Á Lérè

Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Houston, ìpínlẹ̀ Texas. Bí mo bá ń bọ̀ wálé ní ìdájí, kí ọkọ̀ akólẹ̀kódọ̀tí tó dé, gbogbo ohun tí onílé kò fẹ́ mọ́ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró, ilé ìdáná ọmọdé kan ni mo rí, oníke, aláwọ̀ búlúù. Ilẹ̀kùn ààrò rẹ̀ ti yọ, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn náà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, mo fọ̀ ọ́, mo ti ilẹ̀kùn náà bọ ihò rẹ̀ padà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Dọ́là 35 ni ìyá ọlọ́mọ kan rà á lọ́jọ́ kejì. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí, n kò tíì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Owó ibẹ̀ kì í ṣe owó ilé kíkọ́. Ní oṣù tó bá dára, mo máa ń rí dọ́là 300 sí 400 lẹ́yìn tí mo bá ti yọ owó epo ọkọ̀, ọṣẹ àti bátìrì. Ní oṣù tí kò bá dára, 80. Ṣùgbọ́n kò sí ojú owó tí ẹ máa kó sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó sì jẹ́ kí n máa bá a lọ nìyẹn. Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ fi èyí sọ́kàn: ṣíṣà kọ́ ni iṣẹ́ yìí, yíyẹ̀wò ni. Nínú nǹkan mẹ́wàá tí mo bá dúró wò, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni mo ń gbé. Ọmọ ọlọ́mọ ni yóò fi nǹkan náà sẹ́nu, tí yóò sì gbá a mọ́ra sùn. Ẹni tí kò bá lè fi nǹkan tó dára lójú sílẹ̀ lọ kò gbọdọ̀ ṣe é.

Ẹ mọ òfin ìlú tí ẹ wà

Ní ọdún 1988, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní California v. Greenwood. Àwọn ọlọ́pàá ló yẹ pàǹtí ọkùnrin kan wò láìgba ìwé àṣẹ. Ilé ẹjọ́ ní kò sí àṣìṣe níbẹ̀, nítorí ẹni tó ti gbé pàǹtí rẹ̀ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kò lè máa pè é ní ohun àṣírí mọ́. Àwọn tó ń ṣa nǹkan fẹ́ràn láti máa fi ẹjọ́ yìí ṣe àwíjàre. Ẹ má gbára lé e. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni ẹjọ́ náà dá lé lórí. Ní ti ṣíṣa pàǹtí, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, àwọn ìlú kan sì ti fi òfin dè é, pàápàá ti ike tí wọ́n ń kó ohun àtúnlò sí. Ẹ wá òfin ìlú yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ẹ pe ọ́fíìsì wọn lórí fóònù. Ìpè kan ṣoṣo ni.

Ìlànà tèmi ni pé n kì í ṣí ike pàǹtí ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n gbé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike, níta gbangba, nìkan ni mo ń mú. N kì í wọ ọgbà àwọn ilé tí ayálégbé pọ̀ sí láti lọ wo àpótí pàǹtí ńlá tó wà níbẹ̀, nítorí ilẹ̀ onílẹ̀ ni, ibi púpọ̀ ni wọ́n sì ti lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ògiri.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀yin èèyàn mi. Adúláwọ̀ tó bá ń tẹ̀ ba síwájú ilé onílé ní ìdájí, ẹni tó ń wò ó láti inú kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà lè rò ó sí nǹkan mìíràn. Nítorí náà n kì í bọ́ aṣọ iṣẹ́ mi, káàdì iṣẹ́ mi sì máa ń wà lọ́rùn mi. Mo máa ń jẹ́ kí iná ọkọ̀ wà ní títàn. N kì í fẹsẹ̀ tẹ koríko wọn. Bí mo bá rí ẹnì kan níta, mo máa ń kí i, màá sì bi í pé ṣé wọ́n ti jù ú nù lóòótọ́. Ìbéèrè yìí ti mú owó wọlé fún mi ju ojú mi lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹni náà á ní, "Ẹ dúró díẹ̀," á wọlé, á sì gbé ṣájà rẹ̀ jáde fún mi, tàbí àpò kékeré kan tí ìyókù rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ìgbà tí ọjà ń jáde

Ní Houston, yàtọ̀ sí ọjọ́ pàǹtí ti ọ̀sẹ̀, ìlú ní ọjọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù ńlá, èyí tí gbogbo wa ń pè ní heavy trash. Ọjọ́ àdúgbò kan yàtọ̀ sí ti ìkejì. Ẹ lọ sí ojú òpó ìlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ àdírẹ́sì kan ní àdúgbò tí ẹ fẹ́ lọ síbẹ̀, ẹ ó rí ọjọ́ náà. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ jáde. Ìlú kéékèèké bíi Bellaire àti West University Place, tí Houston yí ká, ní ètò pàǹtí tiwọn lọ́tọ̀, nítorí náà ẹ wo tiwọn náà.

Ìgbà mẹ́ta ni ọjà máa ń pọ̀ jù lọ́dún. Èkíní ni láti ọjọ́ kejì Kérésìmesì títí dé àárín oṣù kìíní, nígbà tí ìṣeré tuntun bá ti lé ti àtijọ́ kúrò nílé. Èkejì ni ìparí oṣù karùn-ún títí wọ oṣù kẹjọ, nígbà tí ilé-ìwé bá ti wọ ìsinmi tí àwọn ẹbí sì ń kó lọ sí ilé mìíràn. Ẹ̀kẹta kì í ṣe ti àsìkò. Ọ̀sán Sátidé ni, láti bí aago méjì. Àwọn tó pàtẹ ọjà síwájú ilé láàárọ̀ á ti rẹ̀, ohun tí kò bá tà, wọ́n á tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n á kọ FREE sí páálí lé e lórí. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí onílé ti fọwọ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀, ẹ kò sì nílò láti bi ẹnikẹ́ni.

Ní ti àdúgbò, kì í ṣe ibi tí olówó pọ̀ sí jù ni kí ẹ máa wá, ibi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pọ̀ sí ni. Kẹ̀kẹ́ kékeré níwájú ilé, àwọ̀n bọ́ọ̀lù lára gáréèjì, ẹ ti mọ̀. Bí ẹ bá sì rí ilé tí àwọn àgbàlagbà méjì ti ń kó kúrò, ẹ rọra wakọ̀ kọjá níbẹ̀. Ohun tó ti wà lókè àjà láti ìgbà tí àwọn ọmọ wọn wà ní kékeré ni wọ́n ń gbé jáde yẹn.

Òjò ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Ohun tí òjò bá ti pa tó sì ní páálí, aṣọ tàbí wáyà nínú, ẹ fi í sílẹ̀. Ti ẹ̀kún omi tilẹ̀ burú ju ti òjò lọ. Lẹ́yìn ìjì Harvey, ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ẹrù tí wọ́n kó jáde láti inú ilé ga ju èèyàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì káàkiri ìlú yìí. Ìṣeré tó dára lójú pọ̀ nínú rẹ̀. N kò mú ẹyọ kan. Omi tó wọ àwọn ilé yẹn ti bá omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pò, ti bá epo àti oògùn ẹ̀fọn pò, ó sì ti wọ inú ihò tí ọwọ́ kò lè fọ̀ dé.

Ohun tó máa wà lẹ́yìn ọkọ̀

Ìbọ̀wọ́ tó nípọn, tọ́ọ̀ṣì, ọ̀rá ńlá tó ṣe é dì lẹ́nu, bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì àtijọ́ tí ẹ máa tẹ́, àti sùkúrúdíráfà olórí àgbélébùú kékeré kan, nítorí súkúrù ló máa ń ti ilé bátìrì ìṣeré ọmọdé pa. Ẹ tún fi bátìrì AA mẹ́rin àti AAA mẹ́rin sí àpò. Ó tán.

Ìṣẹ́jú kan tí ẹ fi máa pinnu

Ẹ yí i dojú dé kí ẹ tó gbé e. Ní Texas níbí, èèrà pupa tó ń ta bí iná máa ń wọ abẹ́ ohun ìṣeré tó bá ti pẹ́ lórí koríko. Aláǹtakùn dúdú olóró tí wọ́n ń pè ní black widow fẹ́ràn inú ilé ìṣeré oníke àti abẹ́ mọ́tò ọmọdé, agbọ́n sì máa ń kọ́lé sí òrùlé rẹ̀. Nítorí náà, ìbọ̀wọ́ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà tọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà ọwọ́.

Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Òórùn sìgá àti ìtọ̀ ológbò kì í jáde lára ike bọ̀rọ̀, kò sì sí ohun tí ẹ máa fi fọ aṣọ rẹ̀ tí yóò tán. Ẹ wo ibi tí ike náà ti sán. Bí ó bá sán níbi tí ọmọ ń jókòó sí tàbí níbi tí ó ń gùn, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ ló ṣá, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ike pàǹtí àti ilẹ̀ àyíká rẹ̀ bóyá ohun tó yọ lára rẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí ohun tó pé àti ohun tó ku ẹyọ kan, iye wọn kì í sún mọ́ra.

Ohun tí mo máa ń gbé láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì ni LEGO, ọkọ̀ ojú irin onígi àti òpópónà rẹ̀, Magna-Tiles (ike pẹlẹbẹ olóòfà tí ọmọ fi ń kọ́lé), ọmọláńgidi American Girl, àti àwọn ìṣeré oníke ńlá ti Little Tikes àti Step2. Ẹ mọ mọ́tò ọmọdé pupa tí òrùlé rẹ̀ yẹ́lò yẹn, Cozy Coupe, tó ti wà láti ọdún 1979. Kò sí oṣù tí n kì í rí i, kò sì tíì pẹ́ lọ́wọ́ mi ju ọjọ́ mẹ́ta lọ rí kí wọ́n tó rà á ní dọ́là 20 sí 30.

Mọ́tò oníbátìrì tí ọmọ lè wà fúnra rẹ̀ nílò sùúrù. Bátìrì tó ti kú ni wọ́n sábà máa ń tìtorí rẹ̀ jù ú nù, ọkọ̀ náà kò sì ní àrùn mìíràn. Ṣùgbọ́n bátìrì tuntun kò pọ́ọ́kú, ó lè jẹ gbogbo èrè tán. Èmi máa ń béèrè ṣájà rẹ̀ lọ́wọ́ onílé. Bí kò bá sí ṣájà, màá fi mítà wọn bátìrì 12V náà. Bí kò bá gbaná mọ́, màá tà á gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tí kò ní bátìrì, màá sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sílé nínú dírọ́ọ̀mù, ẹ rántí pé iná 120V ni wọ́n ṣe ṣájà Amẹ́ríkà fún. Bí wọ́n bá kì í bọ iná 240V tiwa ní Èkó, ọjọ́ kan ni yóò lò.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ tà

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ kà. Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ ńláńlá pe ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ìṣeré padà nítorí òjé tó wà nínú ọ̀dà wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 2008, ni Amẹ́ríkà ṣe òfin ààbò ọjà tí wọ́n ń pè ní CPSIA. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ta ọjà tí wọ́n ti pè padà ti rú òfin, ìbáà jẹ́ ilé ìtajà ńlá, ìbáà jẹ́ èmi àti ẹ̀yin tí à ń tà á níwájú gáréèjì. Àjọ tó ń rí sí i ni CPSC, wọ́n sì kó orúkọ gbogbo ọjà bẹ́ẹ̀ sí ojú òpó wọn. Kí n tó fọ ohunkóhun tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ àti nọ́ńbà lára, mo máa ń tẹ orúkọ náà síbẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni.

Àpẹẹrẹ tí ẹ máa bá pàdé: ní oṣù kẹwàá ọdún 1998, wọ́n pe bíi mílíọ̀nù 10 Power Wheels, mọ́tò oníbátìrì tí ọmọ ń wà, padà nítorí wáyà tó ń gbóná jù, àwọn tó ti wà lókè àjà láti ìgbà náà ṣì ń jáde títí dòní. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, wọ́n pe Rock 'n Play, ibùsùn ọmọ ọwọ́ tó dagun, padà, bíi mílíọ̀nù 4.7, nítorí àwọn ọmọ tó kú sínú rẹ̀. Òfin ọdún 2022 wá fòfin de gbogbo ibùsùn ọmọ ọwọ́ tó dagun bẹ́ẹ̀, orúkọ yòówù kó wà lára rẹ̀. Ibùsùn ọmọ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ń lọ sókè-sódò ti di èèwọ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2011. Mo máa ń rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ní mímọ́ tónítóní. N kì í fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn láti gbé. Bí onílé bá wà níta, màá sọ fún un, màá sì tọrọ ààyè láti tú u kí ó má baà ṣe é lò mọ́.

Ìṣeré onígi tàbí onírin àtijọ́ tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí, ẹ má fún ọmọdé. Ọdún 1978 ni wọ́n tó fòfin de ọ̀dà olójé lára ìṣeré ní Amẹ́ríkà.

Òòfà kéékèèké tó ti yọ lára ìṣeré burú gan-an. Bí ọmọ bá gbé méjì mì, wọn á fa ara wọn mọ́ra nínú ìfun, wọn á sì dá ihò sí i. Bátìrì pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ náà, bí ó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun ọmọ, láàárín wákàtí méjì ó lè jó o jinlẹ̀. Ìṣeré tí ilẹ̀kùn bátìrì bẹ́ẹ̀ kò bá ní súkúrù tó dè é, inú pàǹtí ni ibi tó yẹ ẹ́.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ̀rọ ìdánwò ìjọba jẹ́ ihò kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íńṣì 1.25. Ohun tó bá wọlé tán sínú rẹ̀ lè há ọmọ lọ́fun. Ẹ kò nílò láti ra ẹ̀rọ kankan. Páálí roboto àárín tíṣù ìnùdí fẹ̀ ju ihò yẹn lọ díẹ̀, nítorí náà ohun tí páálí náà bá gbé mì, ẹ kà á sí ewu. Àwọn ènìyàn kéékèèké ti Fisher-Price Little People tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1991 wà nínú irú èyí. Wọ́n dára fún àgbàlagbà tó ń kó ìṣeré àtijọ́ jọ, ohun tí mo sì máa ń kọ sábẹ́ fọ́tò wọn nìyẹn.

Àga ọmọ inú ọkọ̀ àti akoto kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ìṣeré, ṣùgbọ́n ẹ máa bá wọn pàdé. Ẹ má gbé e. Ẹ kò mọ̀ bóyá ó ti bá jàǹbá ọkọ̀ pàdé rí. Pẹ́pẹ́yẹ oníke tí wọ́n ń fi wẹ̀ náà, tó ní ihò nísàlẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ rí ohun dúdú tí yóò jáde.

Kí ó tó wọlé

Ohun tí mo bá ṣà kì í wọlé lọ́jọ́ náà. Inú ọ̀rá tí mo dì lẹ́nu ló máa ń wà ní gáréèjì, nítorí ìdun. Ìdun tó bá wọ ilé yín, owó tí ẹ ó fi lé e jáde ju èrè ọdún kan lọ. Ọmọláńgidi aṣọ àti béárì onírun, àfi bí ó bá ní léébẹ́lì olówó ńlá bíi Jellycat, n kì í gbé e rárá. Bí ẹ bá gbé e, ẹ kọ́kọ́ jù ú sínú ẹ̀rọ ìgbẹṣọ ní ooru tó ga jù fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ohun tí kò lè gba ooru, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sínú fírísà tó tutù tó -18°C fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko.

Fífọ̀ àti títún ṣe

Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ ló ń ṣe ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iṣẹ́ yìí. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni ẹ ó fi wọ kọ̀rọ̀. Gọ́ọ̀mù síítíkà tí kò fẹ́ ṣí, ẹ fi òróró ìdáná kùn ún, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò bọ́. Íǹkì tí ọmọ fi kọ nǹkan sí i, ọtí tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn (rubbing alcohol) á yọ ọ́. Ẹ ṣọ́ra fún kànrìnkàn funfun tí wọ́n ń fi nu ògiri. Ó mú bí ìwé ìgbo, ó sì lè fọ ojú àti ẹnu ọmọláńgidi kúrò mọ́ ìdọ̀tí. Bí ẹ bá lo bílíìṣì, ẹ má jẹ́ kí fínígà sún mọ́ ọn, nítorí èéfín tí àwọn méjèèjì ń mú jáde bí wọ́n bá pàdé ń pani.

Ẹ jẹ́ kí n mú dùùrù ọmọdé kan fi ṣàpẹẹrẹ, èyí tí mo rí ní oṣù tó kọjá. Kò dún. Mo ṣí ilé bátìrì rẹ̀, mo bá ìyẹ̀fun funfun tó ti dì bí iyọ̀ lórí irin, apá kan rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé. Bátìrì ló jò. Omi tó jáde lára rẹ̀ ń jẹ awọ ara, nítorí náà mo wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú. Mo yọ àwọn bátìrì náà, mo fi igi òwú tí a fi ń ro etí bọ inú fínígà, mo kàn án mọ́ ìyẹ̀fun náà. Ó hó sùùùù. Mo dúró títí ó fi dákẹ́, mo fi igi òwú mìíràn nù ún, mo tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Irin náà ṣì dúdú. Mo gé ìwé ìgbo tó kúnná bí èékánná àtàǹpàkò, mo fi rá orí irin náà títí ó fi tàn. Mo fi ọtí ilé oògùn nù ún kẹ́yìn kí ó lè gbẹ. Bátìrì tuntun wọlé, mo tẹ kíì kan, ó dún. Ogún ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀ gbà, dọ́là 18 ni mo tà á. Bí irin náà bá ti já tàbí tí ìdógùn-ún bá ti wọ wáyà, kò yẹ kí ẹ fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀.

LEGO kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbóná ju 40°C lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ká. Èmi máa ń kó o sínú àpò àwọ̀n tí a fi ń fọ ìbọ̀sẹ̀, màá rì í sínú báàfù olómi ọṣẹ fún wákàtí kan, màá fọwọ́ mì í, màá ṣàn án, màá sì tẹ́ ẹ sórí táwẹ́ẹ̀lì níwájú fáànù di ọjọ́ kejì. Ẹ má sá a sínú oòrùn Houston. Kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ yọ èyí tó ní síítíkà àti èyí tó ní iná nínú sọ́tọ̀. Bí ẹ bá ń tò ó, ẹ wo orí kókó kọ̀ọ̀kan. Ojúlówó ní LEGO tí wọ́n tẹ̀ sí i lórí. Èyí tí kò ní in, ayédèrú ni, ẹ yọ ọ́. Bíríkì tí wọ́n ṣe ní 1958 ṣì ń wọ inú ti òní, nítorí náà kò sí ojúlówó tó darúgbó jù.

Ike funfun tó ti pọ́n, ẹ lè dá a padà pẹ̀lú hydrogen peroxide àti oòrùn. Ẹ rì í sínú èyí tí ilé oògùn ń tà, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 3 nínú 100, nínú abọ́ tí oòrùn lè wọ̀, ẹ máa yí i ní wákàtí-wákàtí. Ó lè gba ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Kí ẹ mọ iye rẹ̀

Iye tí àwọn èèyàn ń bèèrè kọ́ ni kí ẹ wò, iye tí wọ́n san ni. Lórí eBay, ẹ yan Sold Items, ẹ ó rí iye tí irú rẹ̀ tà gan-an. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ nǹkan náà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sí Google Lens. Ẹ má jẹ́ kí ọdún tó wà lára ìṣeré tàn yín. Barbie tí wọ́n kọ 1966 sí nídìí lè jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní ìgbà 1990, nítorí ọdún tí wọ́n gba ẹ̀tọ́ ara ọmọláńgidi náà ni wọ́n kọ, kì í ṣe ọdún tí èyí tó wà lọ́wọ́ yín jáde.

Ní àdúgbò, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì iye tuntun fún ohun tó pé tó sì mọ́, màá sì jẹ́ kí wọ́n ná an dé ìdá mẹ́ta rẹ̀. LEGO tó dàpọ̀, òṣùwọ̀n pọ́ùn ni mo ń fi tà á. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn ènìyàn kéékèèké inú rẹ̀ sọ́tọ̀. Nínú báágì kan tí mo gbé ní Sharpstown, àdúgbò kan ní Houston níbí, ènìyàn kékeré kan ṣoṣo, ti Star Wars, mú owó wọlé ju gbogbo bíríkì tó kù lọ. BrickLink, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ọjà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń rà.

Títà

Ohun ńlá, Facebook Marketplace tàbí OfferUp, kí olùrà wá gbé e. Ohun kékeré tó lówó lórí, eBay. Ìdá tí eBay ń yọ lórí ọjà bẹ́ẹ̀ lé ní 13 nínú 100, nítorí náà ẹ wọn ẹrù náà pẹ̀lú páálí rẹ̀ kí ẹ tó kọ iye. Ohun tó kéré lówó ṣùgbọ́n tó pọ̀, ẹ kó o lọ sí ilé ìtajà tó ń ra ohun ọmọdé àlòkù, bíi Once Upon A Child. Wọn á sanwó lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pọ̀. Ẹgbẹ́ WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì àti ti àwọn ìyá ọlọ́mọ ní Alief ti ta ọjà fún mi ju bí mo ṣe rò lọ.

Fọ́tò: iwájú fèrèsé, lọ́sàn-án, lórí bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì funfun. Ẹ ya ibi tó ti bàjẹ́ lẹ́yọ lọ́tọ̀. Bí ó bá ń dún tàbí tó ń tàn, ẹ ya fídíò rẹ̀. Ẹ má kọ pé ó ti inú ilé tí wọn kì í mu sìgá jáde, nítorí ẹ kò mọ ilé tó ti wá. Bí ẹnì kan bá sì bi yín ibi tí ẹ ti rí i, ẹ sọ òótọ́. Mo máa ń sọ pé, "Wọ́n gbé e síta, mo fọ̀ ọ́, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò báyìí báyìí." N kò rántí ẹni tó tìtorí rẹ̀ padà lẹ́yìn mi ju méjì lọ.

Ohun tí n kò lè gbàgbé ni ọkọ̀ ojú irin onígi kan tí mo tà ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo kọ pé ó pé. N kò tò ó pọ̀ wò. Bàbá kan wakọ̀ ogójì ìṣẹ́jú wá rà á fún ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tò ó, òpópónà náà kò pàdé, igi tó tẹ̀ kọrọdọ kan ni kò sí níbẹ̀. Ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ọmọ náà jókòó sílẹ̀ níwájú àlàfo yẹn. Mo dá gbogbo owó rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí ọmọ náà ti kọjá. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí mo ń pè ní pípé tí n kò tíì tò pọ̀ tán nílẹ̀ pálọ̀ mi, kí n sì yà á ní fọ́tò bẹ́ẹ̀.

Ẹ pàdé olùrà ní gbangba. Ọ̀pọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá ló ti ya ibi ìgbọ́kọ̀sí kan sọ́tọ̀ fún pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀, kámẹ́rà sì wà níbẹ̀. Ẹ má gba sọ̀wédowó, ẹ má sì gbé ẹrù fún ẹni tó ní òun ti sanwó títí owó yóò fi hàn nínú àpò owó yín.

Ìwé owó

Ìwé kékeré kan ni mo fi ń kọ ọ́: ọjọ́, ohun tí mo gbé, ohun tí mo ná lé e, iye tí mo tà á, máìlì tí mo wà. Èrè orí rẹ̀ jẹ́ owó tí IRS, àjọ agbowó orí Amẹ́ríkà, ń gba owó orí lé lórí, bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí yín. Máìlì ọkọ̀, ọṣẹ, bátìrì àti páálí ni ẹ ó yọ nínú rẹ̀, ẹ kò sì lè yọ ohun tí ẹ kò kọ sílẹ̀.

Ohun tó bá pé ọgbọ̀n ọjọ́ ní gáréèjì mi láìtà, mo máa ń dín iye rẹ̀ kù sí ìdajì. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá tún kọjá, èyí tó dára jù á lọ sí yàrá ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyókù, ọ̀sán Sátidé, màá tò ó síwájú ilé mi ní mímọ́, màá kọ FREE sí páálí lé e lórí, màá sì wo ojú ọ̀run kí n tó gbé e jáde.